Ẹfúnyẹlá àti Àpáta Ọlọ́wọ́-Òsì

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé tó wà ní Òkè-Àfọ̀n kò ju ọgọ́fà lọ, gbogbo wọn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro láàárín oṣù kan. Kì í ṣe ogun ló dé bá wọn, ẹjọ́ ni. Àwọn ará Ìsàwẹ̀, tí ìlú wọn wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn, lọ bá Olú Ìrewò, ọba tí ìlú méjèèjì ń sìn, wọ́n ní àwọn ló ni òkè náà. Wọ́n ní ìyá àwọn ló kọ́kọ́ gbé orí rẹ̀, pé ńṣe ni àwọn ará Òkè-Àfọ̀n sá wá síbẹ̀ nígbà ogun, tí wọn kò sì lọ mọ́. Ohun tí Ìsàwẹ̀ ń wá kò fara sin. Ọdún mẹ́ta ni òjò kò fi rọ̀ dáadáa. Odò wọn gbẹ dé iyanrìn, ìsun omi tó wà lórí òkè kò sì gbẹ rí. Olú gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, ó ní òun yóò rán ìjòyè òun kan láti wá rin ilẹ̀ náà. Ìlú méjèèjì yóò bá a rìn, wọn yóò máa dárúkọ ibi kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa sọ ohun tí àwọn ìyá àti bàbá ńlá wọn ṣe níbẹ̀. Ìlú tí ilẹ̀ bá jẹ́rìí fún ni yóò jókòó. Ìlú kejì yóò gbàgbé òkè títí láé, bó bá sì jẹ́ pé Òkè-Àfọ̀n ni, wọn yóò di ẹrù kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

Ẹni tó bá gun òkè náà lónìí ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n rìn. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìsàlẹ̀ òkè ká ni yóò kọ́kọ́ kàn. Ó ti kún díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin gíga ṣì lè dúró sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Lẹ́yìn yàrà ni ìsun omi, lábẹ́ igi àfọ̀n tó fún ìlú lórúkọ. Ihò àpáta tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú máa ń jókòó sí wà lókè rẹ̀, tí a bá sì kọjá ibẹ̀ a ó rí ahoro àwọn ilé àkọ́kọ́, tí ògiri wọn kò ga ju orúnkún lọ mọ́. Ní ìkẹyìn pátápátá, níbi tí òkè ti dà sílẹ̀ gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ìhà ìlà-oòrùn, àpáta pẹlẹbẹ kan wà tí ojú ọlọ kan jinlẹ̀ sí lára, tóóró, ó sì dán bí inú àwo. Níbẹ̀ ni ẹjọ́ náà parí sí.

Ẹfúnyẹlá Àwẹ̀ró lẹni tó parí rẹ̀. Ìran Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ tó tẹ Òkè-Àfọ̀n dó, obìnrin gbọọrọ bí igi àràbà, a-rìn-má-wẹ̀yìn, a-sọ-ọ́-lójú-ẹni, ẹni tí ẹrù igi rẹ̀ kì í já lọ́nà. Opó ni, ó ń lọ ọkà bàbà tà. Ọlọ́wọ́ òsì ni pẹ̀lú. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ fi àkísà di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára fún odidi ọdún méjì, kó lè kọ́ bí a ṣe ń lo ọ̀tún. Ó kọ́ ọ. Ó ń fi ọ̀tún jẹun lójú àwọn ènìyàn, ó ń fi ọ̀tún kí àgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá dé, òsì ló fi ń ṣe é. Orí àpáta ìlà-oòrùn yẹn ló ti ń lọ ọkà rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù kì í lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ kò bá ni lára mu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn náà, Báálẹ̀ Oníyidé pe ìlú jọ.

"Bí wọ́n bá bi wá léèrè nípa Ìyá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́," ni Báálẹ̀ wí, "ẹ ní obìnrin rere ni, ó ti Ìrewò wá, ó tẹ ìlú dó. Ó tán."

"Kò tán, Bàbá," ni Ẹfúnyẹlá dá a lóhùn. "Ẹ kò sọ ohun tó lé e kúrò nílé ọkọ."

"Àwẹ̀ró, pa ẹnu rẹ mọ́."

"Ṣebí nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni?"

Àgbàlagbà kan bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ká wá sọ fún ìránṣẹ́ ọba pé ọlọ́wọ́ òsì ló bí gbogbo wa? Wọ́n á ní abájọ!"

Báálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó rán gbogbo wọn létí òfin Olú, pé ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ òsì sí ìránṣẹ́ ọba, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, wọn yóò lé e kúrò ní ìlú tó ń gbé, kò sì ní padà síbẹ̀ láéláé. "Ọwọ́ rẹ yẹn," ó wí fún un, "abẹ́ ìborùn ni kó wà lọ́la."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó ní òun gbọ́. Kò ní òun gbà.

Ọ̀dọ̀fin Ìrewò ni Olú rán, arúgbó tí orúnkún ń dùn ún, ti ẹ̀ṣọ́ méjì ti ọ̀pá. Kó tó dé ìsun omi ó ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ̀yin ará òkè yìí," ó wí, "ṣé ẹ kò rí ibi tó tẹ́jú tẹ ìlú dó sí ni?" Balógun Ògúnmọ́dẹdé ló ń sọ̀rọ̀ fún Ìsàwẹ̀, ọkùnrin tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó sì ti múra sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì ló wà nílé ọkọ ní Òkè-Àfọ̀n, láti ẹnu wọn ló ti kọ́ orúkọ gbogbo ibi tó wà lórí òkè. Ní yàrà, kí Báálẹ̀ tó la ẹnu, Balógun ti sọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ní ìsun omi, ó ti sọ orúkọ rẹ̀ àti ìdí orúkọ. Ní ihò àpáta àti ní ahoro, bákan náà. Kò sí nǹkan tí Báálẹ̀ fẹ́ sọ tí Balógun kò tíì sọ ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀fin nu ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Ibì kan ló kù. Bí n kò bá rí ìyàtọ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń kọ́kọ́ sọ ọ́ ni n ó gbà gbọ́."

Nígbà tí wọ́n dé orí àpáta, Balógun na ọwọ́ sí ojú ọlọ. "Ibí ni ìyá wa ti ń lọ ọkà rẹ̀."

"Ìyá tiwa ni," ni Báálẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀.

Ẹfúnyẹlá jáde láàárín àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀dọ̀fin. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi Balógun."

"Bi í."

"Ẹ kú ìrìn o, Balógun. Ọwọ́ wo ni ìyá yín fi ń lọ ọkà?"

Àwọn ará Ìsàwẹ̀ rẹ́rìn-ín, Balógun náà rẹ́rìn-ín. "Irú ìbéèrè wo nìyí? Ọwọ́ ọ̀tún ni! Ní ilé tiwa, ọmọ tó bá na òsì sí àgbà, ẹgba ló ń jẹ. Ìyá tó bí Ìsàwẹ̀ kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́." Ó yọ àdá rẹ̀, ó fi ẹnu kan án. "Mo fi irin búra, ọ̀tún ni." Àwọn ará Ìsàwẹ̀ ń sọ títí dòní pé Balógun àwọn kò búra. Ó búra.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yín kan wá fi ọ̀tún lọ̀ ọ́."

Obìnrin Ìsàwẹ̀ kan tó lágbára kúnlẹ̀, ó mú ọmọ ọlọ. Àpáta ga sókè bí ògiri ní apá ọ̀tún ojú ọlọ náà, ó sì sún mọ́ ọn gidigidi. Ènìyàn kò sì lè yí padà kúnlẹ̀ sí ìdí kejì ojú ọlọ, nítorí ẹ̀bá ibẹ̀ ni àpáta ti já sí ìsàlẹ̀. Obìnrin náà ti ọmọ ọlọ síwájú, ó fà á padà, ìgúnpá rẹ̀ sì lu àpáta. Ó tún un ṣe, ẹ̀jẹ̀ yọ. "Rọra o, ìyá," ni obìnrin Òkè-Àfọ̀n kan ké sí i, "ọkà la ní kí o lọ̀, a kò ní kí o lọ ìgúnpá!"

Ẹfúnyẹlá bọ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi òsì gba ọmọ ọlọ, ó da ẹ̀kúnwọ́ bàbà sílẹ̀, ó sì ń lọ̀ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bó ti ń lọ̀ ọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ọlọ́wọ́ òsì ni Ọ̀ṣúnfúnkẹ́. Ìlú yín ló ti wá. Ilé ọkọ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ oúnjẹ tó bá sè. Wọ́n ń da ọbẹ̀ rẹ̀ fún ajá lójú rẹ̀, títí wọ́n fi ní kó jáde. Ó pọn ọmọ, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọkà rù, ó sì rìn títí ó fi rí àpáta tó gba ọwọ́ rẹ̀. Ìdí tí ìlú wa fi wà níbí nìyẹn. Àwọn bàbá wa ń tijú ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà ti tijú rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá tijú rẹ̀ lónìí, a ó sùn sínú igbó."

Ó bu ìyẹ̀fun náà, ó sì nà án sí Ọ̀dọ̀fin pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

Báálẹ̀ kígbe orúkọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjèèjì sún síwájú. Ẹfúnyẹlá kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Bí mo bá fi ọ̀tún gbé e fún yín, irọ́ ni mo pa," ó wí.

Ọ̀dọ̀fin wo Balógun. "Ṣé o búra pé ọ̀tún ni?"

"Bàbá, bóyá ìyá tiwa náà..."

"Bóyá kí ni? O ti búra."

Arúgbó náà gbé ọ̀pá rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ kan. Ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀, ó gba ìyẹ̀fun náà, ó sì dà á sẹ́nu. "Òfin Olú ní kí n lé obìnrin yìí kúrò nílé," ó wí nígbà tó gbé e mì. "Ìrewò ti lé wọn lẹ́ẹ̀kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó tó. Àwọn ló ni òkè."

Ẹfúnyẹlá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn obìnrin Ìsàwẹ̀ máa pọn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kan ní kí ó má dá sí i, ó sì dá sí i. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gòkè wá ṣì wà, Ọ̀nà Ìsàwẹ̀ là ń pè é. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí wọ́n bá fi jẹ Báálẹ̀ ní Òkè-Àfọ̀n, orí àpáta yẹn ló ti ń gba ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun, ọwọ́ òsì ló fi ń gbà á, ọwọ́ òsì sì ni obìnrin tó ń gbé e fún un ń lò. Kò sí ẹni tó ń di ọwọ́ ọmọ mọ́ ọn lára mọ́.

Olùkọ́ kan dé ìlú náà nígbà tí ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀, ó sì na ọmọbìnrin kan nítorí pé ó fi òsì kọ̀wé. Àwọn àgbà kò bá a jà. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n mú un gòkè lọ sí àpáta, wọ́n fún un ní bàbà àti ọmọ ọlọ, wọ́n ní kó fi ọ̀tún lọ ọkà oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Olùkọ́ náà pẹ́ ní Òkè-Àfọ̀n, ó sì fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Àpá ìgúnpá rẹ̀ kò parẹ́ títí ó fi kú.