Ohun Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Ń Wá Lórí Ọ̀pẹ

Àlọ́ o! Ẹ gbà á kó dún!

Àlọ́ mi sáré gun ọ̀pẹ, ó bá ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ lókè. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ó ń gùn ún ni, ojú rẹ̀ á là kedere, ìrù rẹ̀ á máa jù fìrìfìrì. Gbogbo ẹranko ń pariwo pé, "Ara ìyá yìí mà yá gágá o!"

Ìgbín ló bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, kí lẹ ń jẹ tí ara yín fi yá báyìí?"

Orin ló fi dáhùn. Ẹ bá mi gbè é:

"Ọmọ mi sọdá odò."
Jàlànkátò!
"Kò tíì padà."
Jàlànkátò!
"Òkè ni mo ti ń wo ọ̀nà."
Jàlànkátò!

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ náà, Ìgbín kì í rìn kó má na ojú síta. Ó ń bá a wo ọ̀nà ni.