Láptọ́ọ̀pù Tí Mo Fi Ọ̀já Pọ̀n

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnu ni mo fi ń pa á lówe látọjọ́ yìí, ẹ̀yìn mi ni mo wá fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Àrínọlá ọmọ ọmọ mi ríṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn láti abà dé abà lórí òkè, tí yóò máa kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù. Ó gba méjì wá wò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ọ̀kan fẹ̀ bí ọpọ́n ayò, èkejì kò ju síléètì ọmọ iléèwé lọ.

"Màmá, èwo ni kí n mú?"

"Ńlá ni o! Ojú mi á lè rí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ lókè òkun dáadáa tá a bá pè wọ́n lórí fídíò."

"Ó dáa, mà." Àmọ́ ojú rẹ̀ fà ro.

"Àbí ó wúwo ni? Èmi tí mo pọn ọmọ méje!"

Mo gbé e sẹ́yìn, mo gbá ọ̀já mọ́ ọn, ó di orí òkè. N kò tíì dé ìdí igi ọsàn tí ìbàdí mi fi ń ké.

"Àrínọlá o! Wá sọ ọmọ yìí kalẹ̀! Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ ìyá!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ojú yín wá ńkọ́, màmá?"

"Ìwọ lo máa rìn. Èmi á sún mọ́ ọn."

Kékeré ló mú. Lọ́jọ́ ìsinmi tá a pè wọ́n, mo sún mọ́ ọn débi tí ọmọ òkè òkun fi nawọ́ láti di imú mi mú.