Ẹ Wá Bá Mi Jẹun

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ yunifásítì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìdálẹ̀. Bó bá tẹ ẹ̀bà rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á gbé e jáde síwájú ilé, á bu omi ìfọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì máa pe gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé kí wọ́n wá bá òun jẹun. Wọ́n á dáhùn bí ọmọlúàbí ti ń dáhùn, pé á gba ibi ire, wọ́n á sì kọjá lọ. Ẹ̀bà náà á ti tutù kó tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn olùkọ́ mẹ́ta kan máa ń gba ibẹ̀ lọ sílé. Ìwà ẹ̀dá ni gbogbo wọn ń kọ́ni, oníkálukú láti ẹ̀ka tirẹ̀, ó sì wù wọ́n láti tú ìwà bàbá yìí wò. Olùkọ́ nípa ọkàn ní ìbànújẹ́ ló fà á. Olùkọ́ nípa àwùjọ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àṣà ni. Ìkíni lásán ni kí a pe èrò ọ̀nà wá jẹun, kò sẹ́ni tó ń retí pé kó jókòó. Èyí tó mọ̀ nípa ọpọlọ fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó ti mọ́ bàbá lára ni. N kò rí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, iwájú bàbá gan-an ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń jiyàn. Ó wò wọ́n títí.

Ó ní, “Ẹ wá bá mi jẹun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ta ló ń fi ẹ̀bẹ̀ kún ìkíni ojú ọ̀nà? Wọ́n gbọ́ “ẹ jọ̀ọ́” náà, wọ́n sì sọ ọ́ di kókó àríyànjiyàn tuntun. Wọ́n ní á gba ibi ire, bàbá, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Láti ọjọ́ kejì, bàbá kò gbé oúnjẹ jáde mọ́. Inú ilé ló ti ń jẹun, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó dùn mí gan-an. Àwọn olùkọ́ rí i pé ìwà rẹ̀ yí padà, kálukú sì ní ohun tí òun wí ló ṣẹ.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, o mọ ìdí tí ìyá tó ń dá gbé ládùúgbò rẹ kì í fi í fẹ́ kí ẹni tó bá kí i tètè lọ. O ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, àlàyé náà sì mọ́gbọ́n dání. N kò tíì gbọ́ pé o jókòó tì í rí. Dìde, máa lọ. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.