Ìkòkò Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ní ìlú Ìdí-Ìyeyè, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀ṣúnlékè, oníṣòwò ìlẹ̀kẹ̀ ni. Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ìyùnadé, tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí òwò kò tíì gbè é, Ọ̀ṣúnlékè kì í bèèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ ń wà lójúmọmọ. Ìgbà tó di olówó ni ojú rẹ̀ là sí gbogbo ohun tó dúdú.

Ní ilé kejì sí tirẹ̀, opó kan wà níbẹ̀, Ẹfúnṣọlá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ. Bí àwọn ìyá bá ń lọ sóko, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọmọ wọn sí. Obìnrin yìí kì í ní kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ a ṣa àgbàdo, a nu ewé eéran, a tò ó ní ogún-ogún, a sì fi imú mọ ògì tó kan dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́. Ìyá Ẹlẹ́kọ a máa pààlọ́ fún wọn bó ti ń ro ẹ̀kọ. Ọmọ tó bá bi í ní ìbéèrè, yóò dá a lóhùn, ì báà bi í lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nírọ̀lẹ́, tòun ti èédú ní àtẹ́lẹwọ́ ni Ìyùnadé máa ń wọlé, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Èédú yìí ni baba rẹ̀ rí. Kò rí ọmọ tó ń ka ewé dé igba láìṣì. Ó ti gbọ́ pé ní àdúgbò àwọn olówó, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láyíwọlá ń kọ́ àwọn ọmọdé. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, orí ẹní funfun ni wọ́n ń jókòó sí, wọn a gbé ọwọ́ lé itan, wọn a máa ka orúkọ àwọn ọba láti orí ẹni àkọ́kọ́. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ bèèrè nǹkan kan. Ó dára kí ọmọ mọ orúkọ àwọn ọba, n kò bá ìyẹn jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Láyíwọlá máa ń fọ́nnu pé kìkì ohun tí òun bá fi sẹ́nu ọmọ ló ń ti ibẹ̀ jáde.

Àwẹ̀ró bẹ ọkọ rẹ̀ títí pé kó fi ọmọ sílẹ̀ níbi tí ara ti tù ú. Kò gbà. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ, ṣé kò lè fi ọ̀wọ̀ mú un lọ ni? Ìdí ààrò obìnrin náà ló lọ dúró sí, lójú gbogbo aládùúgbò.

“Wo ìkòkò rẹ bó ṣe dúdú. Wo ọwọ́ rẹ. Kí ló lè ti inú èyí jáde tí yóò wu èèyàn?”

Bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe ń sọ ọ́, sí obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i! Ìyá Ẹlẹ́kọ fi omi ṣan ọwọ́ Ìyùnadé, ó fà á lé baba rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé lọ́dọ̀ Láyíwọlá, Ìyùnadé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ tán lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìdáhùn tán. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní funfun náà, ohun tó ti fi sílẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, Láyíwọlá sì ń torí ẹ̀ fi í sórí ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn. Àwẹ̀ró ń sunkún. Baba ní ọmọ òun ti ń níwà. Ọmọ ń kú lọ nínú, wọ́n ní ó ti gbọ́n.

Nígbà tó yá, Ọ̀ṣúnlékè pe àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ òun ti kọ́. Láyíwọlá tẹ́ ẹní funfun sí àgbàlá, ó to Ìyùnadé àti ọmọ mẹ́rin mìíràn sórí rẹ̀. Ọ̀ṣúnlékè ti búra pé ohun dúdú kan kò ní yọjú sí àlejò òun. Ó ra ìkòkò tuntun tó pọ́n bí osùn, ó ní inú rẹ̀ ni kí wọ́n ti se ẹ̀kọ àwọn àgbà, níbẹ̀ gan-an, kí wọ́n máa wò ó. Àwọn obìnrin ilé ṣì wà lódò. Àwọn géńdé tó ti oko dé ló da ògì sí i, wọ́n sì koná ńlá sí ìdí rẹ̀.

Wọ́n ti ka ọba dé ìkarùn-ún kí Ìyùnadé tó rí ìkòkò náà. Ó dákẹ́, ó nàka.

“Ìkòkò yẹn kò tíì yáná,” ó wí.

Láyíwọlá fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Baba rẹ̀ ranjú mọ́ ọn. Ó tún lanu, olùkọ́ fà á létí, ó sì dorí kodò. Kò pẹ́ rárá tí ìkòkò fi là sí méjì. Ògì ya sínú iná, eérú sọ, ó bà sórí ẹní funfun àti agbádá àwọn àlejò.

Baba Ògúnṣínà, tó dàgbà jù nínú ẹbí, gbọn eérú nù. Kò wo Ọ̀ṣúnlékè. Ọmọ ló bi pé kí ló ń sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyùnadé kọ́kọ́ wo ojú olùkọ́ rẹ̀.

“Èmi ni mo bi ọ́,” ni bàbá náà wí.

“Wọ́n máa ń fi iná jẹ́jẹ́ yá ìkòkò tuntun fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tó da ògì sí i. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní kí n máa fọwọ́ kàn án wò.”

Baba Ògúnṣínà wá kọjú sí Láyíwọlá àti Ọ̀ṣúnlékè. “Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, ó sì sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ pa á lẹ́nu mọ́.” Ó dìde, ó ní ebi ń pa òun, kí àwọn lọ síbi tí ẹ̀kọ wà. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e, Ọ̀ṣúnlékè náà kò sì lè dá jókòó.

Wọ́n bá Ìyá Ẹlẹ́kọ nínú èéfín, ìkòkò rẹ̀ dúdú bó ṣe wà. Ẹnikẹ́ni kò rán Ìyùnadé níṣẹ́ tó fi mú ewé. Ó ka àwọn àgbà, ó tẹ́ ewé síwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, baba rẹ̀ ló kẹ́yìn. Ìyá Ẹlẹ́kọ ń fi ìgbakọ bu ẹ̀kọ sórí ewé, ó funfun bí òwú. Nígbà tó kan Ọ̀ṣúnlékè, ó dá ìgbakọ dúró.

“Ọ̀ṣúnlékè, o bi mí ní ohun tó lè ti inú ìkòkò mi jáde. N kò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ ṣì wà lórí iná. Òun nìyí.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀ṣúnlékè fúnra rẹ̀ ló fa ọmọ lọ́wọ́ padà síbẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú. Ìkòkò náà kò funfun títí Ìyá Ẹlẹ́kọ fi lọ sọ́run. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi èédú díwọ̀n ẹni tó ń tọ́ ọmọ, àwọn àgbà kì í bá a jiyàn. Wọn a kàn sọ fún un pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.