Agbẹ́kànga àti Omi Tó Tàn

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kànga gbígbẹ́. Òun ló gbẹ́ èyí tí gbogbo àdúgbò rẹ̀ ń mu. Omi náà mọ́, ó sì tutù nini. Bí àlejò bá mu ún tó sì yìn ín, inú agbẹ́kànga á dùn títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó yá, àwọn kan wá sí ẹ̀yìn àdúgbò, wọ́n ń yọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú láti kó òjé inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí run àwọn ọmọdé. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì nílé ìwé girama wá bá agbẹ́kànga, ó mú ìgò oògùn kékeré kan àti tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò dání.

Ó ní, "Bàbá, májèlé ni òjé, bí ó bá sì wà nínú omi, ojú kì í rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá kán oògùn yìí sí i, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, omi náà á tàn yòò bí ewé tuntun. Bí kò bá sí òjé, kò ní tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi kànga yín wá lọ́la."

Àyà ọkùnrin náà já. Bí omi yìí bá tàn, orúkọ òun bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sídìí àgbá tó fi ń gbe omi òjò, ó bu ìyẹn sínú ìgò, ó gbé e lọ.

Àwọn ará àdúgbò pé sí yàrá kan, wọ́n ti fèrèsé kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Tíṣà kán oògùn sí omi, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Omi kò tàn rárá. Ariwo ayọ̀ sọ. Aláboyún kan tí kò mu omi kànga láti ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìbẹ̀rù ki ife bọ inú korobá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà níbi kànga.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Òùngbẹ ti fẹ́ẹ̀ pa mí."

Ife ti dé ẹnu rẹ̀ kí agbẹ́kànga tó já a gbà.

"Má mu ún! Omi òjò ni mo gbé wá!"

Òun fúnra rẹ̀ ló na ife náà sí tíṣà. Tíṣà kán oògùn sí i, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé sì kún inú ife. Ọkùnrin náà tẹrí ba, ó ń retí èébú. Aláboyún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ ti gba ọmọ mi là."

Wọ́n fi ẹjọ́ sun ọba, ọba sì lé àwọn ayọ́bátìrì lọ. Gbogbo àdúgbò wá kó ṣọ́bìrì lọ gbẹ́ kànga tuntun ní òkè odò, níbi tó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti yọ́ bátìrì; agbẹ́kànga ń gbẹ́, wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń kọrin. Bí omi ti sun báyìí, agbẹ́kànga figbe ta láti inú kòtò: "Tíṣà, ẹ wá kán an sí i o! Ẹ kán an lẹ́ẹ̀mejì!" Omi náà kò tàn. Ọkùnrin náà jó tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ títí ó fi ṣubú, ìyàwó rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá ní kí o jẹ́ kí òun yẹ ìwà rẹ wò, má ṣe fi ibi tó dára nìkan hàn án. Ibi tí ẹ̀rù ń bà ọ́ gan-an ni kí o fi hàn. Ṣe é lónìí, kí ara lè tù ọ́, kí ó sì tu àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ.