Ẹ̀yìn Kan, Àga Kan: Bí Ìjàpá Ṣe Pín Irinṣẹ́ Alántakùn

Ààlọ́ o!

Ẹ ò dáhùn? Àlọ́ kì í wọ etí tó ń sùn. Ààlọ́ o!

Ó dáa, mo gbọ́ yín wàyí. Ta ni onílé tí ilé rẹ̀ kò lè gba àlejò kan ṣoṣo, bí àlejò náà tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀? Ẹ mú ìdáhùn yín dání. Àlọ́ mi gbéra, ó gba orí ewé kọjá, ewé kò ya. Ó gba orí omi kọjá, kò rì. Ó wá dúró gbọnin níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ayé ọjọ́un, àwọn ẹranko ti ń lo kọ̀ǹpútà, Ìjàpá sì ni ayàwòrán ìlú. Òun ló ń ya pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń ya ìwé ìpè ìkómọ. Ìkarahun rẹ̀ kò tíì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn nígbà náà. Bí ẹ̀wù ló rí. Bó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, á bọ́ ọ, á fi kọ́ ìṣó, á sì jókòó pẹ̀lú ẹ̀yìn rírọ̀ bí ọmọ ọba.

Irinṣẹ́ tó fi ń yàwòrán nínú kọ̀ǹpútà, Ìyá Alántakùn ló ṣe é. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi fà á jáde nínú ara rẹ̀, okùn kan tẹ̀lé òmíràn, títí ikùn rẹ̀ fi gbẹ mọ́ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tó gbé e fún Ìjàpá, ó ní:

"Mo mọ̀ pé o ní kọ̀ǹpútà kan nílé, o sì ní òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù. Fi í sínú méjèèjì, n kò ní bínú. Àmọ́ ìwọ nìkan ni kí o máa lò ó. Bí o bá jókòó sí ti ilé, kí ti ṣọ́ọ̀bù máa sùn. Ẹ̀yìn kan, àga kan."

"Ẹ̀yìn kan, àga kan, Ìyá."

"Búra."

Ìjàpá fọwọ́ kan ìkarahun rẹ̀ lára ìṣó. "Bí mo bá jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹlòmíràn jókòó tì í, kí ìkarahun yìí má bọ́ lẹ́yìn mi mọ́ láéláé." Ẹnu yá a. Ó rọrùn kéèyàn fi ohun tí kò rò pé òun lè pàdánù búra.

Oṣù méjì ló fi pa àdéhùn mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, Ọ̀bọ gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà dé.

"Tìrókò ọ̀rẹ́ mi, fún mi ní irú irinṣẹ́ rẹ yẹn."

"Lọ bá Ìyá Alántakùn."

"Ìyẹn á ní kí n mú nǹkan wá. Ìwọ náà rò ó wò: bí mo bá bu iná nínú ààrò rẹ, ṣé ààrò rẹ á kú?"

Ìjàpá wo ẹ̀pà. Ẹ̀pà náà wo Ìjàpá. "Iná kì í dín lóòótọ́," ló wí fún ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ń parọ́. Ṣùgbọ́n Ìjàpá tó ń pa irọ́ àti Ìjàpá tó ń gbà á gbọ́, ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀pà.

Òkété gbọ́, ó gbé iṣu wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹyìn wá. Ehoro àti Ẹtu kò gbẹ́yìn. Kí oṣù tó parí, irinṣẹ́ Ìyá Alántakùn ti wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni márùn-ún tí kò bá a ṣe àdéhùn rárá.

"Baálé mi," Yánníbo bi í, "níbo ni oúnjẹ yìí ti ń wá?"

"Inú rere mi ni."

"Inú rere ta ni? Ohun tí ẹ ń pín kiri yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ hun ún?"

Ìjàpá ju iṣu sẹ́nu kó má baà dáhùn.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé níbikíbi tí irinṣẹ́ náà bá ti jí, okùn kan á mì nílé Ìyá Alántakùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, okùn mẹ́fà mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Alántakùn rọra sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Àgbò àti àwọn oníbàárà mìíràn ń dúró de iṣẹ́ wọn níbẹ̀.

"Ìjàpá, okùn mẹ́fà ló ń mì ní orúkọ rẹ."

"Kọ̀ǹpútà mi ti pọ̀ sí i ni, Ìyá."

"Ta ló ń lo gbogbo wọn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ tí o gbéra nílé lánàá kí o tó dé ṣọ́ọ̀bù lónìí?"

Ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ìjàpá gan-an rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. "Ẹsẹ̀ mi ló ń falẹ̀, Ìyá. Ọwọ́ mi yá."

"Méjì ni mo ní kí o lò."

"Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ló pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹlòmíràn kò jókòó tì í. Ohun tí mo fi búra nìyẹn."

"Gbogbo àwòrán tó bá ti inú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde ńkọ́, ìwọ lo yà á?"

"Èmi ni!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́!"

Ìyá Alántakùn bá tirẹ̀ lọ. Ìjàpá fọwọ́ pa ara rẹ̀ lórí. "Orí kékeré yìí," ó ní, "o kú iṣẹ́."

Orí kò dáhùn. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Kìnnìún ọba gba àlejò láti ìlú mìíràn. Ó ti ní kí Ọ̀bọ ya àwòrán òun sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ọ̀bọ ní irinṣẹ́, kò kọ́ṣẹ́. Ojú kan ṣoṣo tó mọ̀ dáadáa, ojú ara rẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán, ẹ wo Kábíyèsí pẹ̀lú etí ọ̀bọ, ẹnu ọ̀bọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kún fún ẹ̀pà! Àlejò fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìlú kò rí ọwọ́ fi bo tiwọn.

Kìnnìún bú ramúramù. "Ta ló yà mí báyìí?"

Ọ̀bọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ bi Àgbò. Ìjàpá ló ní gbogbo ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà wa jáde, òun ló yà á."

"Bó ṣe wí nìyẹn, Kábíyèsí," ni Àgbò wí. "Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Ó gbé ìkarahun rẹ̀ wọ̀, ó ń bọ̀, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà. Bó bá ní òun ló yà á, eyín Kìnnìún rèé. Bó bá ní òun kọ́, ìbúra rèé. "Tìrókò, ọlọ́gbọ́n ayé," ó ní, "ẹkùn kò pa ọ́, odò kò gbé ọ lọ, ẹ̀pà ló rí ọ mú."

Ó dé iwájú ọba, ó wólẹ̀. "Èmi kọ́, Kábíyèsí! Mo parọ́ ni. Mo pín irinṣẹ́ Ìyá Alántakùn fún ẹni márùn-ún. Mo rò pé bí iná ni, a bù ú, kò dín."

Ohùn kan dáhùn láti orí àjà. Ìyá Alántakùn ni.

"Iná kì í jẹun, Ìjàpá. Èmi ń jẹun. O jẹ ẹ̀pà, o jẹ iṣu, o jẹ ẹyìn. Kí ni èmi jẹ?"

Ọ̀bọ ń wo ilẹ̀. Kìnnìún ní kí wọ́n pa irinṣẹ́ náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà márààrún, kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ lọ bá ẹni tó hun ún. Ó ní kí Ọ̀bọ fi ahọ́n lá àwòrán rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó yíjú sí Ìjàpá: "Ìwọ, máa lọ. Ẹnu rẹ ti dá ẹjọ́ rẹ."

Ìjàpá sá délé, ara ń tù ú. Ó fẹ́ bọ́ ìkarahun. Kò bọ́. Yánníbo fà á, kò bọ́. Wọ́n fẹsẹ̀ ti ògiri fà á, ògiri ló fẹ́ wó. Ó sunkún lọ bá Ìyá Alántakùn.

"Ìyá, ẹ bá mi tú u."

"Èmi kọ́ ni mo so ó. Ẹnu rẹ ló so ó. Irinṣẹ́ rẹ ṣì wà ní ilé àti ní ṣọ́ọ̀bù bí a ṣe jọ sọ ọ́. Padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ìjàpá padà. Bó ti ń yàwòrán, ẹrù lẹ́yìn, ló ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìkarahun mi, bọ́ sílẹ̀ o —
Ẹ̀yìn kan, àga kan!
Mo jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ ọ̀bọ —
Ẹ̀yìn kan, àga kan!
Mo fẹnu ara mi so ara mi —
Ẹ̀yìn kan, àga kan!

Ìdí nìyí tí ìkarahun fi lẹ̀ mọ́ ìjàpá lẹ́yìn títí dòní, tí kò lè bọ́ ọ, tí kò sì lè yá ẹnikẹ́ni: òun ni onílé tí ilé rẹ̀ kò lè gba àlejò kan ṣoṣo. Ìdí nìyí pẹ̀lú tó fi ń fa orí wọlé bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ wò ó: ó rò pé wọ́n fẹ́ bi òun pé ta ló ni irinṣẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara sin, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí a kò rí kó dín lójú wa, ẹnìkan ti fi ara rẹ̀ dín fún un. Ẹ má pín ohun tí ẹ kò hun.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu bí ìkarahun. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń dún? Kò lẹ̀.