Ẹnu Tí Àwẹ̀ró Fi Pamọ́ fún Alángbá

"Ààlọ́ o!" ni Ìyá Àgbà ké.

"Ààlọ̀!" ni àwọn ọmọ dáhùn.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lórí òrùlé, ó bọ́ sílẹ̀ síwájú Àwẹ̀ró, ọmọ tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ní ìgbà kan rí, eyín iwájú Àwẹ̀ró ká. Ó jù ú sórí òrùlé bí ọmọdé ti ń ṣe. Ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un: "Má jẹ́ kí Alángbá rí àlàfo yẹn o! Bó bá rí i, òmíràn kò ní hù."

"Ìyá Àgbà, èmi náà bo tèmi!" ni Kúnmi wí láàárín àwọn ọmọ.

"Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í pa dé? Gbọ́ àlọ́."

Àwẹ̀ró bo ẹnu. Eyín tuntun hù, kò ṣí i. Òmíràn ká, òmíràn hù, ó ṣì ń bò ó. Nínú òkùnkùn yẹn ni eyín ti gun ara wọn lórí bí ewúrẹ́ tó ń sá fún òjò. Ahọ́n rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ojú sì ń tì í láti fi han ìyá rẹ̀. Bó bá ń jẹ àgbàdo, ètè ara rẹ̀ ló ń gé jẹ. Ọmọ tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń jí àdúgbò kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń jẹ àgbàdo lẹ́yìn ilé, Alángbá yọjú lára ògiri.

"Mo ti rí i!"

"Yéè! Eyín mi ò ní hù mọ́!"

"Ó ti hù kẹ̀! Kí ni n ó fi eyín ọmọ ṣe? Tèmi ò ha tó mi? Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ wá wo ẹnu ọmọ yín!"

Ìyá wò ó, ó káwọ́ lérí. "Olúwa mi! Èmi ni mo ní kó bò ó. Ṣé kí n dúró kó dàgbà ná ni?"

"Ẹ má dúró o. Ẹ mú un lọ bá Ẹ̀gà tó ń hun ilé sórí ọ̀pẹ, nísinsìnyí tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀."

Ìyá mú un lọ, Ẹ̀gà sì so òwú tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ eyín náà. Bí oṣù tuntun bá ti lé, á fà á díẹ̀, á máa kọrin:

Rọra, eyín, rọra o,
*Jáńjálá!*
Ẹlẹ́dàá wa kì í kánjú,
*Jáńjálá!*
Kálukú á dé àyè rẹ̀,
*Jáńjálá!*

"Ṣé ó dun Àwẹ̀ró, Ìyá Àgbà?"

"Ó dùn ún díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fa òwú, ògì ló ń mu."

Nígbà tó yá, Ẹ̀gà tú òwú. Eyín tò lẹ́sẹẹsẹ bí akọrin níwájú pẹpẹ. Àwẹ̀ró kò dúró dúpẹ́ tán, ẹ̀yìn ilé ló sáré gbà lọ. Ó la ẹnu gbàgà: "Alángbá, ẹ wò ó!"

Alángbá mi orí, ó tún mi orí. Títí dòní ló ń mi í. Àwọn èèyàn ní ara rẹ̀ ló ń yìn. Irọ́ ni! Eyín Àwẹ̀ró ló ń kí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó bá wọ́ ní kékeré, kékeré náà ni ká ti tọ́ ọ. Ọlọ́run tó dá igi tútù kó lè tẹ̀, Òun náà ló dá egungun ọmọdé. Ẹ má fi ẹnu yín pamọ́ fún ẹni tó bí yín.

Bí mo bá purọ́ nínú àlọ́ yìí, kí eyín tó kù mí lẹ́nu má lè fọ́ ẹ̀pà.

Ìyá Àgbà ju ẹ̀pà sẹ́nu. Kárá!

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó fi ọwọ́ bo ẹnu.